Ẹsẹ̀ iwájú Toyota Hilux àti ẹrù wúwo

Fífún ẹsẹ̀ iwájú Hilux lókun ni iṣẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì ń ṣe lórí sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì àti àwọn apá abẹ́ píkọ́ọ̀pù Toyota Hilux, kí imú rẹ̀ má baà rì tí wọ́n bá so irin ìdáàbòbò, bátìrì kejì tàbí winch mọ́ ọn. Winch ni ẹ̀rọ tó ń fi okùn wáyà fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Iṣẹ́ yìí wọ́pọ̀ gan-an ní Ọsirélíà.

Ìtàn ní ṣókí

Hilux jáde ní Japan ní ọdún 1968. Nígbà tí èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé ní 1979, ọ̀pá gbọọrọ kan ló so táyà iwájú méjèèjì pọ̀, lórí sípíríǹgì pẹlẹbẹ. Torsion bar, ọ̀pá irin tó ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì, tẹ̀lé e ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1980. Ìran keje, tó bẹ̀rẹ̀ ní Thailand ní 2004, ló gbé sípíríǹgì wíwé wá fún un.

Bí ẹrù ṣe ń tẹ iwájú

Ẹrù tó wà níwájú táyà ń tẹ ẹsẹ̀ iwájú ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, torí pé ó ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè. Láti táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn lára Hilux ìran keje àti ìkẹjọ onílẹ̀kùn mẹ́rin jẹ́ 3,085 mm. Bí irin àti winch tó jẹ́ 100 kg bá wà ní 900 mm níwájú táyà iwájú, nǹkan bí 129 kg ni yóò kún ẹsẹ̀ iwájú, 29 kg yóò sì kúrò lórí ti ẹ̀yìn. Ní Nàìjíríà, níbi tí Hilux ti pọ̀ láàárín ọkọ̀ àwọn agbófinró, wẹ́dà ló sábà máa ń jó irin iwájú. Irú irin bẹ́ẹ̀ kì í ní ìwé tó sọ ìwọ̀n rẹ̀, nítorí náà ó dára kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó ra sípíríǹgì.

Sípíríǹgì

Torsion bar jẹ́ ọ̀pá irin gígùn tí orí rẹ̀ kan wà lára apá táyà, tí èkejì sì wà mọ́ férémù. Bí táyà bá gun gegele, ọ̀pá náà á lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún, á sì tún fẹ́ padà sípò. Bóòtù kan wà nídìí rẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ sókè, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Fífún bóòtù náà ń gbé imú ọkọ̀ ga, àmọ́ kò fi nǹkan kan kún líle ọ̀pá. Ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò ṣì tẹ̀ ẹ́ bákan náà.

Bí irin ṣe nípọn sí ló ń mú un le. Bí ìdábùú ọ̀pá bá kúrò ní 20 mm bọ́ sí 22 mm, tí gígùn àti irú irin kò yí padà, yóò fi nǹkan bí 46% le sí i. Òfin kan náà ló de sípíríǹgì wíwé, nítorí irin tó ń lọ́ ni òun náà. Àmọ́ ti sípíríǹgì wíwé tún kan bí òbìírí rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó àti iye ìgbà tó wé. Òrùka irin tí àwọn kan ń fi sórí sípíríǹgì láti gbé ọkọ̀ ga kò yàtọ̀ sí bóòtù ti ìṣáájú, ó tún lè dín ibi tí táyà lè sọ̀kalẹ̀ dé nínú kòtò kù.

Àwọn ẹ̀yà yòókù

Sípíríǹgì tó le ń ta ọkọ̀ padà pẹ̀lú agbára, ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu sì ni yóò dá a dúró. Gíga tó bá pọ̀ jù ń tẹ CV joint, ìyẹn oríkèé tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà, ó sì ń mú kí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, oríkèé tó so apá abẹ́ ọkọ̀ mọ́ ibi tí táyà wà, tètè jẹ. Aláìnmẹ́ńtì, ìyẹn títo táyà kí wọ́n dúró déédéé, ṣe pàtàkì lẹ́yìn iṣẹ́ náà.

Òdiwọ̀n

Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti pinnu iye tí ẹsẹ̀ iwájú lè gbé. Sípíríǹgì tuntun nìkan kò yí i padà, torí bíárìn, táyà, bíréèkì àti férémù wà nínú ìṣirò náà. Ní Ọsirélíà, ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọba gba àpapọ̀ ìwọ̀n tó ju ti ilé iṣẹ́ lọ gbọ́dọ̀ lo àkójọ ẹ̀yà tí wọ́n ti dán wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí, tàbí kó gba ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà.