Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ya àìsàn èémí tí bakitéríà fà sọ́tọ̀

Ikọ́, ibà, kí èémí máa yára: bakitéríà lè fà á, fáírọ́ọ̀sì náà lè fà á. Ohun tí dókítà ń gbọ́ nínú àyà lè jọra, fọ́tò X-ray pàápàá kì í sábà yà wọ́n sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀, oògùn apabakitéríà kì í ran fáírọ́ọ̀sì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fura sí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àyẹ̀wò yìí kì í wá bakitéríà rárá. Ohun tí ara ń ṣe nígbà tí bakitéríà bá wọlé ni wọ́n ń wá, ibẹ̀ gan-an sì ni àléébù wọn ti ń wá.

Kíka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni àgbà wọn. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá máa ń ní bíi 4,000 sí 11,000 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bakitéríà máa ń mú kí iye yìí gòkè, ṣùgbọ́n oògùn steroid náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àkóràn tó bá sì le jù lè fà á wálẹ̀. Òun nìkan kò tó í fi ṣèdájọ́.

Àyẹ̀wò CRP, ìyẹn purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́pọ̀ gan-an lónìí. Lọ́dún 1930 ni William Tillett àti Thomas Francis rí purotéènì yìí ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York. Wọ́n mú omi ẹ̀jẹ̀ àwọn tí bakitéríà pneumococcus dá òtútù àyà sí lára, wọ́n pò ó mọ́ èròjà kan tí wọ́n fà yọ lára bakitéríà yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní C. Ó dì, ó sì rọ̀ sísàlẹ̀. Nígbà tí ara àwọn aláìsàn yá, ẹ̀jẹ̀ wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe purotéènì náà, bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá kòkòrò jà bá ti fi èròjà interleukin-6 ránṣẹ́ sí i.

Ó máa ń tó wákàtí 6 sí 12 kí CRP tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, àti nǹkan bí ọjọ́ méjì kó tó dé téńté. Nítorí náà, ẹni tó tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà lè gba èsì tó tuni lára, nígbà tí bakitéríà ti ń ṣọṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn dókítà, gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2014 wà fún ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá rú dókítà lójú: bí CRP kò bá tó mílígíráàmù 20 nínú lítà kan, kó má tètè fún aláìsàn lóògùn apabakitéríà, bó bá ju 100 lọ, kó fún un. Láàárín méjèèjì, kó kọ ìwé oògùn náà fún un, kí aláìsàn wá lò ó bí ara bá ń burú sí i. Àárín yìí ni wàhálà wà, torí fáírọ́ọ̀sì tó le náà lè gbé CRP débẹ̀.

Procalcitonin, èròjà mìíràn tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀, ya bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì sọ́tọ̀ ju CRP lọ díẹ̀. Nígbà tí ara bá le, tayírọ́ìdì inú ọrùn ló ń ṣe é, díẹ̀ kíún ló sì ń wọ ẹ̀jẹ̀. Bí bakitéríà bá wọlé, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara á máa tú u sẹ́jẹ̀. Bó bá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, èròjà interferon-gamma tí ara fi ń kojú rẹ̀ máa ń dín in kù. Síbẹ̀, Mycoplasma, tóun náà jẹ́ bakitéríà, lè má gbé e sókè, iṣẹ́ abẹ tàbí ìjàǹbá ńlá sì lè gbé e láìsí bakitéríà kankan.

Àyẹ̀wò tó ń wá bakitéríà fúnra rẹ̀ ni gbígbin ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò oúnjẹ kòkòrò. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, bí kòkòrò bá ń pọ̀ sí i, gáàsì carbon dioxide tó ń tú jáde á mú kí ìdí ìgò náà yí àwọ̀ padà. Wọ́n lè dúró tó ọjọ́ 5. Nínú òtútù àyà, púpọ̀ nínú àwọn ìgò yìí kì í hu nǹkan kan, torí pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni bakitéríà jókòó sí. Bí wọn kò bá sì nu awọ ara dáadáa kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, kòkòrò orí awọ lásán ló lè hù.

Lọ́dún 2019, àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ATS àti IDSA ní Amẹ́ríkà sọ pé bí òtútù àyà bá ti hàn lára aláìsàn àti nínú fọ́tò, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn láìka iye procalcitonin sí. Ibi tí procalcitonin ti wúlò jù ni ìparí ìtọ́jú: wọ́n á tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bó bá sì ti lọ sílẹ̀ ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún láti ibi tó ga dé, tí ara aláìsàn sì ń yá, dókítà lè dá oògùn dúró.