Ìjàkadì Sumo Rọ́bọ́ọ̀tì ní Kíláàsì

Ìjàkadì sumo rọ́bọ́ọ̀tì jẹ́ ìdíje tí rọ́bọ́ọ̀tì méjì ti máa ń gbìyànjú láti ti ara wọn kúrò lórí pèpéle róbótó kan, láìsí ẹni tí ó ń fi rìmóòtù darí wọn. Ní Jàpáànù, níbi tí sumo ti jẹ́ eré ìbílẹ̀, ni iléeṣẹ́ Fujisoft ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, kí ó tó tàn dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Nínú kíláàsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń to rọ́bọ́ọ̀tì wọn, tí wọ́n sì ń kọ àṣẹ tí yóò máa tẹ̀lé; bí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n tún lè ṣe ju kí wọ́n máa wòran lọ.

Rọ́bọ́ọ̀tì ìsọ̀rí ńlá lè wúwo tó kílógíráàmù 3, ṣùgbọ́n ìsọ̀rí mini sumo ni ó bá ilé-ẹ̀kọ́ mu jù. Nínú rẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 500 lọ, òòró àti ìbú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ nígbà tí ìjà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó de gíga rẹ̀. Pèpéle náà, tí olùkọ́ lè gé láti ara pákó pẹlẹbẹ, fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 77 láti etí kan dé ìkejì. Ojú rẹ̀ dúdú, a sì fi ọ̀dà funfun tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 yí etí rẹ̀ ká. Àwọ̀ méjèèjì kì í ṣe fún ẹwà. Sẹ́ńsọ̀ (ẹ̀rọ kékeré tí rọ́bọ́ọ̀tì fi ń mọ ohun tí ó wà láyìíká rẹ̀) tí ó wà lábẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì máa ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú ènìyàn kò lè rí, sílẹ̀, ojú funfun á dá púpọ̀ rẹ̀ padà, ojú dúdú á gbé e mì, ìyàtọ̀ yìí sì ni rọ́bọ́ọ̀tì fi ń mọ̀ pé òun ti dé bèbè. Nítorí náà, ọ̀dà dúdú tí ń dán kò dára, pèpéle kò sì gbọdọ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, torí pé infrared wà nínú ìtànṣán oòrùn pẹ̀lú.

Ní bèbè yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń kùnà: wọ́n á gbájú mọ́ bí rọ́bọ́ọ̀tì yóò ṣe rí alátakò, rọ́bọ́ọ̀tì á sì fúnra rẹ̀ sáré já sílẹ̀. Àṣẹ tí a kọ dáadáa máa ń kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Bí ó bá rí funfun, yóò fà sẹ́yìn, yóò sì yí padà. Bí kò bá rí i, ìgbà náà ni yóò tó fi sẹ́ńsọ̀ iwájú, yálà ti infrared tàbí irú èyí tí ń lo ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, wá alátakò, kí ó sì fi gbogbo agbára kọlù ú.

Agbára mọ́tò nìkan kọ́ ni ó ń borí. Bí táyà kò bá di ilẹ̀ mú, ńṣe ni yóò máa yí lásán, ìwúwo tí ó wà lórí rẹ̀ àti irú rọ́bà tí a fi ṣe é ni ó sì ń jẹ́ kí ó di ilẹ̀ mú. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ fi ń fi irin kún rọ́bọ́ọ̀tì títí yóò fi súnmọ́ gíráàmù 500, tí wọ́n sì ń fi irin pẹlẹbẹ tí ó dà gẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ṣọ́bìrì, kí ó lè wọ abẹ́ alátakò, kí táyà onítọ̀hún sì gbéra nílẹ̀. Fífi gọ́ọ̀mù sí táyà jẹ́ èèwọ̀: adájọ́ lè gbé rọ́bọ́ọ̀tì lé ìwé A4, bí ìwé náà bá sì lẹ̀ mọ́ ọn nígbà tí ó gbé e sókè, kò ní jà.

Ìjà kan kì í ju ìṣẹ́jú 3 lọ, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gba àmì 2 ni ó borí. Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti tẹ bọ́tìnnì, rọ́bọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 kí ó tó rìn, kí àwọn ọmọ lè yẹra. Ètò tí ẹni tí ó bá pàdánù á ti kúrò nínú ìdíje máa ń yára parí, ṣùgbọ́n kò bá ẹ̀kọ́ mu, nítorí pé ìdajì kíláàsì á ti jókòó lẹ́yìn ìjà àkọ́kọ́. Bí ẹgbẹ́ 6 bá kojú ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìjà 15 ni yóò jẹ́, ẹni tí ó sì pàdánù á ráyè tún àṣẹ rẹ̀ kọ. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ń jẹ bátìrì, ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní èyí tí yóò fi pààrọ̀. Bátìrì lithium polymer lágbára, àmọ́ ó lè gbiná bí nǹkan bá gún un. Fún àwọn ọmọdé, bátìrì AA tí ó ṣeé gba iná sí ni ó dára jù.