Kí ni Tetradrachm? Owó Fàdákà Tí Wọ́n Ń Pè Ní Òwìwí

Bí òwìwí bá bà lórùlé ẹlòmíì nílẹ̀ Yorùbá, àdúrà ló máa bẹ̀rẹ̀. Ní Áténì àtijọ́, nílẹ̀ Gíríìsì, ẹyẹ yìí kan náà ni wọ́n yà sára owó fàdákà wọn, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe owó ọ̀hún.

Tetradrachm lorúkọ rẹ̀ gan-an. "Tetra" ni mẹ́rin. "Drachma" ni ẹ̀kúnwọ́ kan: kí owó ẹyọ tó dé, irin gbọọrọ tí wọ́n fi ń sun ẹran ni wọ́n ń ná, mẹ́fà rẹ̀ ló kún ọwọ́. Tetradrachm wá jẹ́ drachma mẹ́rin lójú kan, fàdákà tó wọn bíi gíráàmù 17. Wọ́n á fi fàdákà sáàárín òǹtẹ̀ méjì, wọ́n á fi òòlù lù ú.

Ẹ gbé èyí tí wọ́n lù ní bíi ọdún 440 ṣáájú ìbí Jésù wò. Lójú kan, Athena ni, òrìṣà tó ni ìlú náà, ó dé àṣíborí ogun. Ẹ yí i padà: òwìwí fẹ̀gbẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ méjèèjì ràbàtà ń wo yín tààrà. Ewé ólífì àti oṣù wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta, ΑΘΕ, ń sọ pé ti ará Áténì ni.

Ewé yẹn nítàn. Athena àti Poseidon, òrìṣà òkun, jọ du ìlú náà. Poseidon fi ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta gún àpáta, omi iyọ̀ tú jáde. Athena gbin igi ólífì, ìlú sì di tirẹ̀. Ti òwìwí, inú oríkì ló wà: "glaux" ni wọ́n ń pe ẹyẹ náà, "glaukopis", ẹni tójú rẹ̀ ń dán, sì ni oríkì Athena. Kọ́ríńtì, ìlú Gíríìsì mìíràn, ya Pegasus, ẹṣin abìyẹ́, sára owó tirẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ẹni tí kò mọ̀wé kà, tó bá ti rí òwìwí, ó ti mọ fàdákà ibi tó dì mú. Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì àtijọ́, sọ ọ́ nínú ìtàn Gylippus, ọ̀gágun Sparta tó jí lára fàdákà tí wọ́n ní kó gbé lọ sílé lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Áténì. Abẹ́ òrùlé ilé rẹ̀ ló kó o sí. Ìránṣẹ́ rẹ̀ kò dárúkọ owó rárá. Ó kàn sọ fáwọn ìjòyè pé òwìwí púpọ̀ ló ń sùn lábẹ́ òrùlé. Ó yé wọn lójú ẹsẹ̀.