Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ẹja inú òkun

Lọ́dún 1883, níbi ìpàtẹ ńlá kan lórí ẹja pípa ní Lọ́ńdọ̀nù, T. H. Huxley sọ pé lójú tòun, ẹja bíi cod, ṣáwá àti mackerel kò jọ ohun tó lè tán lókun, bó ti wù kí wọ́n pa á tó. Àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, ọ̀rọ̀ náà sì tu ìjọba lára: ohun tí kò lè tán, kí ni èèyàn ń ṣòfin lé lórí? Àwọn apẹja tó ń fi okùn àti ìwọ̀ pẹja ti ń ké nígbà náà pé ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ omi ń ba iṣẹ́ àwọn jẹ́, àmọ́ ta ló máa gba apẹja gbọ́ ju Huxley lọ?

Kí èèyàn tó lè mọ̀ bóyá ẹja lè tán, ó gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ orí wọn. Òkúta kékeré kan wà nínú etí ẹja. Bí o bá gbé e sábẹ́ awò, wàá rí òrùka lórí òrùka, ọ̀kan fún ọdún kan. Òkúta yìí ni Johannes Reibisch, ará Jámánì, fi mọ ọjọ́ orí ẹja pẹlẹbẹ tó ń jẹ́ plaice lọ́dún 1899. Ní Norway, òrùka ara ìpẹ́ ṣáwá ni Johan Hjort àtàwọn èèyàn rẹ̀ kà ní tiwọn. Wọ́n rí i pé àwọn ṣáwá tí wọ́n bí lọ́dún 1904 ló pọ̀ jù nínú àwọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Nígbà yẹn, ICES, ìgbìmọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá sílẹ̀ ní Copenhagen lọ́dún 1902, ti ń kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Láti 1914 sí 1918, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ apẹja ò lè dé Òkun Àríwá. Bọ́ǹbù ló kún inú omi. Nígbà tí wọ́n padà síbẹ̀, plaice ti pọ̀, ó sì ti tóbi. Ìjọba kankan ò jẹ́ fọwọ́ sí irú ìdánwò yẹn láéláé. Ogun ló bá wọn ṣe é.

E. S. Russell, onímọ̀ nípa ẹja ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá kọ ìṣirò iye ẹja sílẹ̀ lọ́dún 1931, bí oníṣòwò ṣe ń ka ọjà inú ìsọ̀: mú ẹja tó wà tẹ́lẹ̀, fi àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tó pa àti bí àwọn yòókù ṣe sanra tó kún un, kí o yọ èyí tí a pa àti èyí tó kú fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1957, Beverton àti Holt, àwọn onímọ̀ nípa ẹja ní ìlú Lowestoft nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ di ìwé ńlá. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Scott Gordon, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Kánádà. Lọ́dún 1954, ó ní òkun ò ní ẹni tó ni ín, nítorí náà bí èrè bá ti yọjú, ọkọ̀ mìíràn á wọlé títí èrè náà á fi tán. Apẹja ló ń gba ìyà rẹ̀.

Kánádà kan náà, lọ́dún 1992, fòfin de pípa cod létí erékùṣù Newfoundland. Nǹkan bí 30,000 èèyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìṣirò wà, àmọ́ iye ẹja tí wọ́n fi ṣe é ló ju òótọ́ lọ.

Ní South Africa, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn: kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán òfin wò, lórí òkun àtọwọ́dá tí iye ẹja rẹ̀ lè ṣìnà, kí wọ́n tó fi pinnu iye ẹja hake tí wọ́n lè pa lápapọ̀.