Àdéhùn rẹ̀ ti parí, kí ló dé tí kò lè lọ? Ìbéèrè nípa tag nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Kí ni franchise tag?

Nínú líìgì NFL, agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ bá parí lè wá ẹgbẹ́ mìíràn lọ. Ọdún 1993 ni òmìnira yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọdún náà sì ni àwọn tó ni ẹgbẹ́ gba tag: lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè mú ẹnì kan ṣoṣo, kí wọ́n fi tag dá a dúró fún ọdún kan sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n ní láti ṣe é, láti ìparí oṣù Kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta.

Èló ni wọ́n ń san?

Owó gọbọi ni. Wọ́n máa ń wo àwọn márùn-ún tí owó wọn pọ̀ jù ní ipò tí ẹni náà ń gbá, wọ́n á sì mú ìpíndọ́gba rẹ̀. Bí ìdá 120 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó gbà lọ́dún tó kọjá bá ju ìyẹn lọ, èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n á san. Bí wọ́n bá tún fi tag dá ẹni kan náà dúró, tag kejì á fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún ti àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta á sì fi ìdá 44 kún ti èkejì. Ibẹ̀ ló ti máa ń há mọ́ ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Washington san nǹkan bí mílíọ̀nù 20 dọ́là fún Kirk Cousins ní 2016, ó di nǹkan bí mílíọ̀nù 24 ní 2017. Ẹ̀kẹta ì bá ti ju mílíọ̀nù 34 lọ, nítorí náà wọ́n jẹ́ kó lọ. Minnesota fún un ní mílíọ̀nù 84 fún ọdún mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló sì dájú.

Ṣé ẹgbẹ́ mìíràn lè bá a sọ̀rọ̀?

Bí tag náà bá jẹ́ exclusive, rárá. Bó bá jẹ́ non-exclusive, wọ́n lè fi àdéhùn lọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún láti san iye kan náà. Bí wọn ò bá san án, àyè ìpele kìíní méjì nínú draft, níbi tí wọ́n ti ń yan àwọn ọmọ yunifásítì, ni wọ́n á gbà dípò rẹ̀. Iye yìí wúwo débi pé kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni gbìyànjú rẹ̀.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń tà á fún ẹgbẹ́ mìíràn?

Ìbuwọ́lùwé ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ẹni tí kò bá tíì buwọ́ lu ìwé tag kò ní àdéhùn kankan, ẹgbẹ́ kò sì lè ta ohun tí kò sí. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó fẹ́ rà á á gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, á bá òun àti aṣojú rẹ̀ dúnàá dúrà lórí àdéhùn tuntun, kó tó wá di pé ó buwọ́ lùwé, kí wọ́n sì tà á. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ló ń fẹnu kò lórí iye; kò di dandan kó jẹ́ ìpele kìíní méjì. Ní 2022, Green Bay fi tag sí Davante Adams, Las Vegas sì fi àyè ìpele kìíní kan àti ìpele kejì kan gbà á.

Àárín oṣù Keje ni ewu wà. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, kò tún sí àdéhùn ọlọ́dún púpọ̀ fún ẹni tó ní tag títí sáà fi máa parí. Houston jẹ́ kó kọjá lórí Jadeveon Clowney ní 2019. Ọdún kan péré ni Seattle ń rà, nítorí náà àyè ìpele kẹta kan àti agbábọ́ọ̀lù méjì ni wọ́n fi gbà á. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ jèrè gbọ́dọ̀ tètè tà.

Agbábọ́ọ̀lù ńkọ́?

Ó lè kọ̀ láti buwọ́ lùwé, kó má sì lọ sí ibùdó ìgbáradì, láìsan owó ìtanràn. Le'Veon Bell ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo sáà 2018, ó sì pàdánù mílíọ̀nù 14.5 dọ́là. Ṣùgbọ́n tag tí a kò tíì buwọ́ lù, ẹgbẹ́ lè gbà á padà, bí Carolina ti ṣe fún Josh Norman ní 2016. Lójú tiwa, ẹni tí ara rẹ̀ bá ti ń dùn ún kò gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó buwọ́ lù ú: lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo owó náà jẹ́ tirẹ̀, bó tilẹ̀ fara pa.