Bí Àbá Ìwádìí Ṣe Ń Jáde: Àpẹẹrẹ Láti Ọjà Àdìrẹ Ìtòkú

Ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ìsọ̀ kan lè kún fún àdìrẹ oníko (tí wọ́n fi okùn dì) àti ẹlẹ́kọ (tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya), tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, kó sì jẹ́ pé aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ló pọ̀ jù ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ló fà á? Ìbéèrè nìyẹn, kì í ṣe àbá. Àbá ni ìdáhùn tí ìwádìí lè dán wò, tó sì lè já sí irọ́.

Kò dáa kí olùwádìí rọ̀ mọ́ ìdáhùn àkọ́kọ́ tó bá sọ sí i lọ́kàn. Kó kó bíi mẹ́ta jọ. Ìwé tí àwọn aṣáájú kọ lè fún un ní díẹ̀, ẹnu àwọn ọlọ́jà a sì máa fún un ní èyí tí kò sí nínú ìwé, bí ó bá bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń yan ọjà láì fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká ní mẹ́ta tó jáde ni owó tí wọ́n fi ń ra ọjà, ọjọ́ orí, àti bóyá ọlọ́jà mọ àdìrẹ ṣe.

“Ìṣòro ọrọ̀ ajé ló fà á” kò wúlò, torí kò sí èsì tó lè bì í ṣubú. Èyí ló ṣeé dán wò: “Láàárín àwọn tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, iṣẹ́ ọwọ́ máa ń pọ̀ nínú ọjà ẹni tó mọ àdìrẹ ṣe ju ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe lọ.” Ó sọ àwọn tọ́rọ̀ kàn, ohun méjì tó so pọ̀, àti ibi tí ìyàtọ̀ yóò tẹ̀ sí. Ó kù kí wọ́n sọ bí wọn yóò ṣe wọ̀n ọ́n. “Mọ àdìrẹ ṣe” lè túmọ̀ sí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ aṣọ láàárín oṣù 12 tó kọjá. Ti ọjà, kí wọ́n ka iye iṣẹ́ ọwọ́ nínú aṣọ 20 tí wọ́n ṣà láìmọ̀ọ́mọ̀ yàn nínú ìsọ̀.

Ibi tí àbá yìí ti lè fọ́ ni ọjọ́ orí. Àwọn àgbà lè mọ iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì ní oníbàárà àtijọ́ tó ń fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ìmọ̀ iṣẹ́ yóò wá gba ìyìn tí kò tọ́ sí i. Nítorí náà, àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra ni kí wọ́n fi wé ara wọn. Ó tún lè jẹ́ pé títa ló mú ọlọ́jà kọ́ iṣẹ́, kì í ṣe pé iṣẹ́ ló mú un tà á. Bíbéèrè èwo ló ṣáájú ló ń yanjú èyí.

Àṣìṣe tó burú jù ni kíkọ àbá lẹ́yìn tí èsì ti jáde, kí wọ́n wá ṣe bí ẹni pé ó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá dán ìbátan 20 tí kò sí òótọ́ kankan nínú wọn wò ní òṣùwọ̀n 0.05, ìyẹn ni pé wọ́n gbà kí èèṣì tan àwọn jẹ lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà 20 tí kò bá sí òótọ́ níbẹ̀, ọ̀kan ni a lè retí pé yóò jọ òótọ́ nípa èèṣì lásán. Ẹni tó bá mú ọ̀kan yẹn ṣe àbá ti tan ara rẹ̀ àti òǹkàwé jẹ. Bákan náà, àwọn ọlọ́jà tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn bí àbá kọ́ ni kí wọ́n fi dán an wò. Ìsọ̀ mìíràn ni kí wọ́n lọ. Kí wọ́n kọ àbá náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n kọ àbá kejì, tó sọ pé kò sí ìyàtọ̀ kankan, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó ka aṣọ àkọ́kọ́.