Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ kò léfòó lórí òkun iná

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tó kàwé dáadáa, pé ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí jẹ́ èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí òkun òkúta yíyọ́ tó ń hó, pé àwọn kọ́ńtínẹ́ǹtì ń léfòó kiri lórí rẹ̀, tí wọ́n bá sì forí gbárí, òkè á yọ. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èèpo ayé pín sí àwọn ègé ńláńlá, tí a ó máa pè ní awẹ́ ilẹ̀ níhìn-ín. Àwọn awẹ́ náà ń rìn, ìrìn wọn ló sì ń gbé òkè ró, tó ń ṣí òkun kan sílẹ̀, tó sì ń pa òmíràn dé. Òkun iná tí wọ́n ní ó wà lábẹ́ wọn ni kò sí. Òkúta líle ló wà níbẹ̀, títí dé nǹkan bí 2,900 kìlómítà nísàlẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwòrán inú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ló gbin ìgbàgbọ́ yìí, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, àwọ̀ pupa ni wọ́n máa ń fi kun gbogbo ohun tó wà lábẹ́ èèpo ilẹ̀. Ayàwòrán kò purọ́ o. Ooru ló fẹ́ fi hàn, ooru náà sì wà lóòótọ́. Àwa tí a ń wò ó la gbà pé ohun tó bá ti gbóná tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti yọ́. Kò sì sí ẹni tó lè lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ihò tó jìn jù lọ tí ọmọ ènìyàn gbẹ́ sínú ilẹ̀ wà ní Kola, ní àríwá Rọ́ṣíà: wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1970, ó sì dé 12,262 mítà ní ọdún 1989, níbi tí ooru ti tó 180°C. Pẹ̀lú gbogbo làálàá yẹn, wọn kò gbẹ́ ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èèpo ilẹ̀ ibẹ̀ lọ.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ló sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ fún wa. Bí ilẹ̀ bá mì níbì kan, ìgbì oríṣi méjì máa ń gba inú ayé kọjá, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìmìtìtì ní àwọn ilẹ̀ mìíràn a sì gbà wọ́n sílẹ̀. Ìgbì tó ń yára dé ń ti òkúta síwá sẹ́yìn bó ti ń lọ, ó sì lè la òkúta àti omi kọjá bákan náà. Ìgbì tó ń dé tẹ̀lé e ń gbọn òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́, irú èyí kò sì lè la ohun olómi kọjá rárá, nítorí pé ohun olómi kì í padà sáyè rẹ̀ bí wọ́n bá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ká ní òkun òkúta yíyọ́ ló wà lábẹ́ wa, ìgbì kejì yìí ì bá ti kú ní kété tó kúrò nínú èèpo ilẹ̀. Kò kú. Ó ń la òkúta ìpele àárín, ìyẹn ìpele tó wà láàárín èèpo ilẹ̀ àti kókó ayé, já títí dé nǹkan bí 2,900 kìlómítà, ibẹ̀ ló sì ti ń pòórá, nítorí pé ibẹ̀ ni kókó ayé, tó jẹ́ irin yíyọ́, ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1936, Inge Lehmann, obìnrin onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, tún fi hàn pé àárín gbùngbùn kókó náà yàtọ̀ sí ìta rẹ̀. A mọ̀ lónìí pé ó le. Ohun olómi wà nínú ayé, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí awẹ́ ilẹ̀ ju kí awẹ́ kankan léfòó lórí rẹ̀ lọ.

Bí abẹ́ wọn bá le, báwo ni wọ́n ṣe wá ń rìn? Irin tí àgbẹ̀dẹ kì bọ iná máa ń pọ́n yòò láìyọ́, síbẹ̀ bí ọmọ owú bá ti bà á, á tẹ̀, á sì gba ìrísí tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta ìpele àárín rí, àyàfi pé ìrìn tirẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún. Ní nǹkan bí 100 kìlómítà nísàlẹ̀, ooru ti súnmọ́ 1,300°C. Òkúta náà ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bó bá jẹ́ pé òkè ilẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n ìwúwo ohun gbogbo tó wà lórí rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ débi pé kò ráyè yọ́. Ó kàn ń rọ̀. Ní àwọn ibì kan, òkúta yíyọ́ díẹ̀ lè wà láàárín àwọn hóró rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó adágún, ká má tíì sọ ti òkun.

Ẹ̀rí kan wà fún èyí ní Sweden àti Finland tí mo fẹ́ràn ju ìyókù lọ. Láyé àtijọ́, yìnyín tó nípọn tó nǹkan bí kìlómítà 3 tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ rì. Yìnyín náà ti yọ́ láti nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, síbẹ̀ etí òkun Bothnia, tó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, ṣì ń gbéra sókè títí di òní, ní nǹkan bí mílímítà 8 sí 9 lọ́dún níbi tó ti yára jù. Bó bá jẹ́ pé ohun tó ń ṣàn bí omi ló wà lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ náà ì bá ti padà sáyè rẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn tí ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Ohun tó ń gbé awẹ́ ilẹ̀ rìn jù lọ ni ìwúwo ara wọn. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun máa ń gbóná nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bó ti ń dàgbà ló ń tutù, tó ń nípọn, tó sì ń wúwo sí i, títí á fi wúwo ju òkúta gbígbóná tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Níbi tó bá ti rí àyè, á tẹ orí bọ ìsàlẹ̀, á sì máa fa ìyókù awẹ́ náà tẹ̀lé ara rẹ̀. Awẹ́ Pàsífíìkì, tí etí rẹ̀ ń rì báyìí lábẹ́ Jàpáánù àti Alaska, ń rìn tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10 lọ́dún. Awẹ́ Áfíríkà, tí etí rẹ̀ tó ń rì kò tó nǹkan, kò ju nǹkan bí 2 sí 3 lọ. Ìyàtọ̀ yìí kò ní ìtumọ̀ bí gbogbo wọn bá kàn ń léfòó.

Níbi tí awẹ́ méjì bá ti ń ya kúrò lára ara wọn, òkúta líle abẹ́ wọn a máa gòkè láti dí àlàfo náà. Bó ti ń gòkè, ìwúwo tó wà lórí rẹ̀ ń dín kù, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì yọ́ láìjẹ́ pé ooru kún un. Èyí ni ibi tí ìgbàgbọ́ òdì náà ti yí ọ̀rọ̀ sódì pátápátá: ìyapa awẹ́ ló ń mú òkúta yọ́, òkúta yíyọ́ kọ́ ló ń yà wọ́n. Ohun tó yọ́ náà á dì, á di ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun tuntun, tó nípọn tó nǹkan bí kìlómítà 7. Báyìí ni Òkun Àtìláńtíìkì ṣe ṣí. Títí di nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn, àríwá ìlà-oòrùn Bràsíìlì àti ilẹ̀ Benin, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ṣì so mọ́ ara wọn. Ẹsẹ̀ kan ìlàjá náà fẹ́ la Nàìjíríà kọjá, ṣùgbọ́n ó dá dúró lójú ọ̀nà. Àfonífojì odò Benue ni àpá rẹ̀. Nítorí pé ìsàlẹ̀ òkun ń di ọ̀tun lápá kan, tó sì ń rì lápá kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibì kan nínú rẹ̀ tó ju 200 mílíọ̀nù ọdún lọ, nígbà tí òkúta tó ti lo 4 bílíọ̀nù ọdún wà lórí ilẹ̀ Kánádà.

Ní etí ìwọ̀-oòrùn Gúúsù Amẹ́ríkà, ilẹ̀ òkun ń rì sábẹ́ kọ́ńtínẹ́ǹtì. Omi tó wà nínú òkúta rẹ̀ ń jáde ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, omi yìí sì ń jẹ́ kí òkúta gbígbóná tó wà lókè rẹ̀ yọ́ ní ooru tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn òkè oníná Andes ti ń rí ohun tí wọ́n ń pọ̀ jáde.

Himalaya ló yẹ kó mú ẹni tó gba òkun iná gbọ́ ronú. Ní nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, Íńdíà kọlu Éṣíà, òkun tó wà láàárín wọn sì parẹ́. Èèpo kọ́ńtínẹ́ǹtì fúyẹ́ ju kó rì lọ bíi ti ìsàlẹ̀ òkun, nítorí náà ó ká, ó gun ara rẹ̀ lórí, ó sì nípọn tó nǹkan bí kìlómítà 70 lábẹ́ Tibet. Òkúta tó wà ní ṣóńṣó Everest, ní 8,848 mítà, jẹ́ òkúta ẹfun tó dì ní ìsàlẹ̀ òkun, àjákù àwọn ẹ̀dá inú omi sì ṣì wà nínú rẹ̀. Ní gbogbo gbọọrọ òkè Himalaya, tó ga ju gbogbo òkè ayé lọ, kò sí òkè oníná kankan tó ń ṣiṣẹ́.

Àwọn kan sì gbà pé òkè oníná ni Olúmọ àti àwọn òkè Ìdànrè jẹ́ rí. Gíránáìtì ni wọ́n. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ tí a wà lórí rẹ̀ yìí forí gbárí pẹ̀lú ilẹ̀ àtijọ́ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Àwọn òkè Atakora ní Togo àti àríwá Benin jẹ́ àpá ìkọlù yẹn. Apá kan òkúta ìsàlẹ̀ yọ́ nígbà náà, ó sì dì padà níbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ kìlómítà sábẹ́ ilẹ̀, láì tú jáde. Òjò àti odò ló fọ ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, títí apá tó le jù fi yọrí síta. Irú gíránáìtì bẹ́ẹ̀, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò jìnnà sí tiwọn, wà ní ìpínlẹ̀ Ceará àti Pernambuco ní Bràsíìlì.